Àpótí Ata Tí A Gbé Kọjá Ṣẹ̀mẹ̀

Òórùn ata gbígbẹ ni mo fi máa ń rántí àwọn ọdún náà. Kì í ṣe òórùn ata inú ìkòkò tí í mú itọ́ dà lẹ́nu ẹni o. Ata tí ooru ti fa gbogbo omi ara rẹ̀ gbẹ ni mò ń wí, èyí tó máa ń pàdé àlejò wa lẹ́nu géètì kí àwa fúnra wa tó jáde. Fúláàtì ìsàlẹ̀ ilé kan ní Àgùdà la háyà. A fi pálọ̀ ṣe ọ́fíìsì, a fi ẹ̀yìnkùlé ṣe ibi tí a ti ń dán àpótí wa wò. Onílé wa, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku, a máa jókòó sí bákónì òkè pẹ̀lú Bíbélì lórí itan. Yóò sín, yóò ní "Olúwa, ṣàánú," yóò ṣí ojú ìwé kan, yóò tún sín. Ó pè wá lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun rò pé òun háyà ilé fún, òun ò mọ̀ pé ìyà ata lòun máa jẹ lọ́jọ́ ogbó òun. A bẹ̀ ẹ́, a sì gbé àpótí náà kúrò lábẹ́ bákónì rẹ̀ lọ síbi tó ti máa yọ àwa fúnra wa lẹ́nu.

Àwa méjì la jẹ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ náà, bí a bá yọ wẹ́dà tó ń bá wa jó irin ẹsẹ̀ àpótí ní Yábàá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni ọ̀gá. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà ti ẹbí. Ó ṣáájú mi ní yunifásítì ni, ẹnjiníà ni. Fún àwa tí a dàgbà ní Súrúlérè, ẹni tó bá ti fi kíláàsì kan péré ṣáájú ẹni ti di ẹ̀gbọ́n ẹni títí ayé nìyẹn. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ìwé girama kan nígbà tó ránṣẹ́ pè mí, ó ní òun ti rí nǹkan. Ohun tó rí ni tòmátò tó ń jẹrà ní Ọ̀yìngbò, tí wọ́n ń dà á nù lápẹ̀rẹ̀ lápẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, tí àwọn tó kó o wá láti ọ̀nà jíjìn á sì káwọ́ lérí máa wò ó. Ó wá kan àpótí: pátákó nísàlẹ̀, gíláàsì lókè, fáànù kékeré kan nínú rẹ̀ tí agbára oòrùn ń yí. Ata tàbí tòmátò tó bá wọ inú rẹ̀ á gbẹ láìrí eruku, láìrí eṣinṣin, láìrí ewúrẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ: àpótí náà ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tó padà ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́.

Ní Èkó, gbogbo èèyàn ló yìn ín, kò sẹ́ni tó rà á. Wọ́n á wá, wọ́n á fọwọ́ pa gíláàsì, wọ́n á ní "Ẹ kú làákàyè," wọ́n á sì bi wá pé ta ló ti lò ó rí lókè òkun. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ní tiwa, àfi ká kọ́kọ́ kó o ròde ná kí ilé tó gbà pé ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n wá rí ilé ìwádìí kan ní ilẹ̀ òyìnbó, tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké bíi tiwa dòwò pọ̀, àwọn tó bá fẹ́ gbé irinṣẹ́ àgbẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Àdéhùn wọn rọrùn lójú ìwé. Àwa á kan àpótí, a ó gbé e fún àwọn àgbẹ̀ níbi tí a bá ti fẹ́ tà á. Àwọn á wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn odindi àsìkò ìkórè kan, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n bá rí. Bó bá dára, ìwé wọn yẹn la máa fi kan ilẹ̀kùn ní Kútọnu, ní Lómé, ní Àkíráà. A mú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nítorí ó wà nítòsí, nítorí àwọn tó ń gbin ata níbẹ̀ pọ̀, àti nítorí pé Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n lápá ibẹ̀. Èmi ni mo kọ ìwé tí a fi béèrè ààyè lọ́dọ̀ wọn, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí iná bá wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní sí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, epo jẹnẹrétọ̀ á tán. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan náà lónírúurú ọ̀nà títí ọ̀rọ̀ náà fi sú mi, àfi ìgbà tí wọ́n gbà wá.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n wà ní Kánádà nígbà náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ló gbé e lọ, ó sì ti bá ọkọ rẹ̀ ṣètò ìwé àtiwọ̀lú. Ó ti dúró títí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fún Ẹ̀gbọ́n ní àsìkò ata kan ṣoṣo: bí àpótí bá rí ọjà ní Bẹ̀nẹ̀, òun á kó àwọn ọmọ padà wálé, bí kò bá rí, kí Ẹ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn kó máa bọ̀. Mi ò lè dá obìnrin náà lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ lọ rárá. Ọkùnrin tí kò lè sùn bí kò bá gbọ́ ariwo Ojú Ẹlẹ́gbà, kí ló fẹ́ lọ ṣe nínú yìnyín?

"Àbúrò," ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí lẹ́tà wọn dé, "bí nǹkan yìí bá fi lè bọ́ sí i, mi ò lọ ibì kankan mọ́. Àwọn ni wọ́n á wá bá mi."

Mo ní àmín. Èmi náà mọ̀ pé bó bá lọ, ilé-iṣẹ́ ti parí, torí èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣó kan pátákó méjì pọ̀.

Olùwádìí tí wọ́n fi síbi iṣẹ́ wa jẹ́ òyìnbó obìnrin kan tó dàgbà jù wá lọ díẹ̀, tó ti rìn ní abúlé Áfíríkà ju àwa ọmọ Súrúlérè lọ fíìfíì. A ń rí i lójú kọ̀ǹpútà. Ó béèrè bóyá a máa nílò ògbufọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ náà. A rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ kẹ̀? Láàárín Yorùbá sí Yorùbá? Ẹ̀gbọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, ó ní ìyá wa ni wọ́n, a mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ẹni sọ̀rọ̀. Ó wá ka òfin ìwádìí fún wa: láti ọjọ́ tí a bá ti gbé àpótí sílẹ̀, ẹni tó kàn án kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́ títí àsìkò ata á fi parí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwa la ń bá wọn lò ó. Ẹ̀rọ kékeré kan á wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan tí á máa ka ooru inú rẹ̀ àti gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn bá kà ni òun máa gbàgbọ́. A ní a ti gbọ́. Òfin tó dára ni, mo sì tún rò bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Àpótí mẹ́rin la gbé kọjá ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀. Aṣọ́bodè kan yọjú wo inú ọkọ̀, ó ní ṣé pósí ni. Ẹ̀gbọ́n ní àpótí ata ni. Ọkùnrin náà ní látọjọ́ tóun ti dáyé, àpò ni wọ́n ń kó ata sí, ó sì dá wa dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí a dé ìlú kékeré tí à ń lọ, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláta ti ń dúró dè wá lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá Ẹgbẹ́ wọn, arúgbó tó ṣì dúró ṣánṣán, ló wà níwájú. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe rí i, ó na gbalaja sínú eruku pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin kúnlẹ̀ ní tèmi. Inú àwọn obìnrin náà dùn kọjá ààlà. Wọ́n ń pe ara wọn pé kí wọ́n wá wo ọmọ Èkó tó ṣì mọ ìdọ̀bálẹ̀. Orí mi wú. Mo rò pé a ti ṣe iṣẹ́ náà tán.

A to àpótí sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó kù ká ṣí ọ̀kan ká da ata sí i. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ orí ba.

"Ó yá, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ̀yin lẹ máa ṣí i."

Ìyá Ẹgbẹ́ mi orí. "Rárá o, ọmọ mi. Olóhun ló ń ṣí ohun rẹ̀. Ẹ ṣí i ká rí i."

"Ó tì o, mà. Àwa ọmọdé ò gbọdọ̀ fọwọ́ ṣáájú tàgbà."

"Àlejò wa ni yín. A kì í tú ẹrù àlejò."

"Tiyín ni, mà. Ọwọ́ yín la fẹ́ kó kọ́kọ́ kàn án, kó lè mú ìbùkún wá."

Báyìí ni wọ́n ń tì í síra wọn, tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń wù mí láti máa gbọ́. Mo ti pẹ́ ní Èkó níbi tí ènìyàn ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ènìyàn wọlé, mo wá rí àwọn tó ń bẹ ara wọn pé kí ẹnìkejì ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà fẹ́nì kan, wọ́n gbé àkàsà, tó jọ ẹ̀kọ tiwa, àti ọbẹ̀ ẹja dé. Ta ló máa wá dúró ti àpótí? A jẹun, wọ́n gbàdúrà fún wa, a ya fọ́tò, ilẹ̀ sì ti ń ṣú lọ. A padà sí Èkó pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé bí a bá ti yíjú, wọ́n á ṣí i. Àwọn náà wọlé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé a ṣì ń bọ̀ wá ṣí i.

Ní gbogbo àsìkò ata yẹn, èmi ni mo ń pe Ìyá Ẹgbẹ́ lórí fóònù, nítorí òfin fàyè gba ìkíni. Ọ̀rọ̀ wa kì í gùn. Màá ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àwọn àpótí ńkọ́?" Á ní "A dúpẹ́, ọmọ mi, kò sí wàhálà. Ilé ńkọ́? Bàbá ńkọ́?" Ó ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ọkọ mi ni Ẹ̀gbọ́n, mi ò sì fẹ́ já a kulẹ̀. Lẹ́yìn náà á bi mí ìgbà wo la ń bọ̀, màá ní láìpẹ́, mà. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ló ń bá a béèrè, bí ènìyàn ṣe ń sọ fún àlejò tó ń lọ pé kó tètè padà wá. Mo ń kọ̀wé sí olùwádìí pé àwọn ìyá wà dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ti ń fa àwòrán àpótí ńlá tí a máa kàn fún Lómé sára ògiri pálọ̀.

Àsìkò ata parí, olùwádìí gba ọkọ̀ òfuurufú wá sí Kútọnu, a lọ pàdé rẹ̀, a sì jọ dé ìlú náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ata lórí ẹní lẹ́bàá ọ̀nà, tó pupa rẹrẹ, tí ewúrẹ́ kan ń rìn yí ká. Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá èyí tó ṣẹ́ kù ni. Ìyá Ẹgbẹ́ fi ayọ̀ gbà wá, ó di Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mú wọ pálọ̀ rẹ̀. Àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bò wọ́n, aṣọ tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n lọ̀. Wọ́n ti fi férémù sí fọ́tò tí a jọ yà, wọ́n gbé e lé orí ọ̀kan. Gíláàsì wọn ń dán ju ọjọ́ tí a gbé wọn wá lọ.

Ẹ̀gbọ́n dúró lójú kan. Olùwádìí kúnlẹ̀, ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ inú àpótí kìíní, ó lọ sórí èkejì, ó lọ sórí àwọn yòókù. Ooru inú yàrá nìkan ló bá níbẹ̀. Wọn ò ṣí ìkankan rí. Ó ní kí n bá òun béèrè pé kí ló dé.

"Ẹ̀yin là ń dúró dè," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí, ẹnu sì yà á pé mo ń béèrè. "Ẹ ní ká ṣí i, a ní kẹ́ ẹ ṣí i, oúnjẹ dé, ọ̀rọ̀ ò parí. Ṣé ká wá máa fi ọwọ́ ara wa tú ohun olóhun ni? Gbogbo ìgbà ni mò ń bi ọ́ pé ìgbà wo lẹ ń bọ̀. O ní láìpẹ́. Àwa náà wá ń tọ́jú ẹ̀ dè yín."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún olùwádìí. Ó ní kí n tún un túmọ̀. Mo tún un túmọ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ yẹn bí ẹni tí iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀ ti sú, ó wá sọ fún wa jẹ́jẹ́ pé òun mọ̀ pé àwọn ìyá yìí ò kọ àpótí wa sílẹ̀, òun á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rán òun wá kà ni òun ò bá níbẹ̀. Àsìkò kan ni ilé ìwádìí ṣètò fún, àsìkò náà sì ti lọ. Ní ti ọdún tó ń bọ̀, orílẹ̀-èdè mìíràn àti ilé-iṣẹ́ mìíràn ló kàn. A bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń sọ pé ẹ má bínú.

Ẹ̀gbọ́n ò bẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ó ká aṣọ funfun náà kúrò lórí àpótí kan, ó ṣẹ́ ẹ pọ̀ dáadáa, ó fà á lé Ìyá Ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ó ní kí n bá òun gbé e. A gbé e síta sínú oòrùn. Ó ṣí i fúnra rẹ̀, ó bù lára ata orí ẹní, ó tẹ́ ẹ sí i, ó pa á dé, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ariwo ayọ̀ sọ lẹ́nu àwọn obìnrin náà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń jó. Ìyá Ẹgbẹ́ ń ṣàdúrà lé e lórí pé ohun tó fọwọ́ rẹ̀ ṣí kò ní tì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó gba àdúrà, ó dìde, ó sì rìn lọ sẹ́yìn ilé. Mo fi í sílẹ̀. Ó nídìí tí ènìyàn fi máa ń lọ dúró sẹ́yìn ilé.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi, Ìjẹ̀bú tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ó wò mí títí. Ó ní ìwà ọmọlúàbí náà ní ibi tó ń dé dúró: olóhun á kọ̀ díẹ̀, á sì wá ṣí ohun rẹ̀, torí òun nìkan ló lè ṣí i. Ó ní ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sígboro, ẹ mọ ìkúnlẹ̀, ẹ ò mọ ìdìde. Ẹ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn Àgùdà kí ọdún tó parí. Bàbá onílé gbàdúrà fún un, ó ní ilé náà máa dákẹ́ jù báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ tó máa lọ, ó ní "Àbúrò, ó ti rẹ̀ mí," mo ní ẹ máa lọ ire. Èmi padà sí kíláàsì mi ní Súrúlérè, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun ọ̀gbìn kó má baà bàjẹ́.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni Ìyá Ẹgbẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù. Ó ní àwọn ń lo àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ata àwọn ò bàjẹ́ mọ́. Àwọn obìnrin ìlú kejì ti wá wò ó, àwọn kan wá láti Tógò pàápàá, gbogbo wọn ló fẹ́. Ó ní kí bàbá bá àwọn kan ogún sí i ná, àwọn á sanwó. Yàrá àwọn tíṣà ni mo wà, mo jókòó, mo fi ọwọ́ bo ojú. Ọjà tí a wá lọ ni, ó ti dé, àwa ò sí nílé. Mo pe Ẹ̀gbọ́n ní Kánádà. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣé wọ́n ń lò ó?" ló bi mí.

"Wọ́n ń lò ó, Ẹ̀gbọ́n."

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni o."

Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ ogún sí i, pé káfíńtà wà nílùú wọn tó lè wo inú rẹ̀ kó kan irú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kàn án láéláé bí olóhun ò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì ni ohùn rẹ̀ dé, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí ìyá náà. Ó kí i dáadáa, ó béèrè ara ọmọ àti ara ọmọọmọ, lẹ́yìn náà ló ní: "Mà, mo ti fi í fún yín. Kí káfíńtà yín tú u síwẹ́wẹ́, kó kan iye tó bá wù yín. Ó ti di tiyín, ẹ má dúró dè mí mọ́."

Mo fi ránṣẹ́. Ohùn ọkùnrin náà fúyẹ́, bí ohùn ẹni tó gbé ẹrù sọ̀. Inú mi dùn fún un, inú mi sì bàjẹ́, mi ò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Èmi náà lo ọdún tèmi lórí àpótí yẹn. Ó rẹ̀ mí, mi ò sì tíì rí ẹni tí n ó gbé ẹrù tèmi fún.